Orí Karùn-ún: Ẹ̀tọ́ Àtiwọlé, àti Lẹ́tà Tó Ń Mú Un Ṣiṣẹ́

Láti oṣù Kìíní ọdún 2019 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà tó sọ pé ẹni tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ láti dé ibi gbogbo tí ará ìlú yòókù ń dé, kó sì lo ibẹ̀ bí àwọn náà ṣe ń lò ó. Ọdún 2018 ló wà lára orúkọ òfin náà, àmọ́ oṣù Kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti gbọ́ nípa rẹ̀ lórí rédíò. Àwọn tó ti lò ó kò tó nǹkan. Báńkì ṣì wà tí ẹni tó jókòó lórí àga onítáyà kò lè gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá. Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ṣì wà tó jẹ́ pé àtẹ̀gùn nìkan ló wọ inú rẹ̀. Ilé ẹjọ́ gan-an, níbi tí a ti ń lọ gba ẹ̀tọ́, ṣì wà tí yàrá ìgbẹ́jọ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè. Kì í ṣe pé òfin náà kò lágbára. Apá tó lágbára jù nínú rẹ̀ ń dúró de ẹnì kan kó tó jí ni, ẹni náà sì ni ẹni tí ọ̀nà dí mọ́. Títí ẹni yẹn yóò fi sọ fún alábòójútó ibẹ̀ pé òun kò rí ọ̀nà wọlé, tó sì sọ ọ́ lọ́nà tí ẹ̀rí yóò fi wà, owó ojoojúmọ́ tí òfin gbé kalẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ni orí yìí dá lé, àti ìdí tí kò fi yẹ ká máa fi ẹnu lásán sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú òfin náà, nítorí ẹni tí kò bá mọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀ kò lè béèrè rẹ̀. Abala 1 ló ka dídẹ́yẹ síni nítorí ìpèníjà ara léèwọ̀. Bí iléeṣẹ́ bá ṣe é, mílíọ̀nù kan náírà ni ìtanràn rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣe é fúnra rẹ̀, N100,000 ni, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì pọ̀. Abala 3 ló fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti dé àwọn ilé àti àyíká gbogbo lọ́gbọọgba pẹ̀lú àwọn yòókù. Abala 4 pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé ìlò ará ìlú pẹ̀lú ohun tí yóò jẹ́ kó ṣe é wọ̀: ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí táyà lè gùn, ẹ̀rọ agbéniròkè níbi tó bá ti pọn dandan, àti ohunkóhun mìíràn tó bá yẹ. Abala 5 mú ọ̀rọ̀ náà jáde sí títì: ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà àti ibi tí wọ́n ti ń sọdá gbọ́dọ̀ ṣe é lò fún ẹni tó wà lórí àga onítáyà àti fún ẹni tí kò ríran. Òfin náà kò sì fi ọ̀rọ̀ yìí mọ sí ilé ìjọba nìkan. Ilé tí ìjọba ní tàbí tó ń lò wà níbẹ̀, ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú náà wà níbẹ̀. Ilé oúnjẹ, ilé ìtajà ńlá, báńkì, ilé ìwòsàn aládàáni, gbọ̀ngàn ayẹyẹ tí wọ́n ń háyà fúnni: kò sí èyí tó lè sọ pé ilé àdáni ni òun, kò kan òfin.

Àwọn ilé tó ti wà kí òfin tó dé ńkọ́? Abala 6 fún wọn ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ì báà jẹ́ ilé, ì báà jẹ́ ọkọ̀. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù Kìíní 2024. Ẹ di ọjọ́ yìí mú dáadáa, nítorí àwáwí tí àwọn alábòójútó ń lò jù ni pé ilé àwọn ti pẹ́, pé láyé àtijọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Kí ọdún 2024 tó wọlé, àwáwí yẹn ṣì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Ti ilé tuntun tiẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: abala 7 ní kí ẹni tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé má fọwọ́ sí ti ilé ìlò ará ìlú tí kò bá ti sí ètò fún àwọn tó ní ìpèníjà ara nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ilé kíkọ́ ṣe là á sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fọwọ́ sí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lè san, ó kéré tán, mílíọ̀nù kan náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni òfin nawọ́ sí, kò lè sá sẹ́yìn orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọ́fíìsì ìjọba wa.

Abala 8 ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò kọjá. Ó ní bí ẹni tó ní ìpèníjà ara bá dé ibi tó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ̀, tàbí ibi tí ojúṣe rẹ̀ gbé e dé, tó sì bá ìdènà pàdé, ó lè fi tó aláṣẹ ibẹ̀ létí. Bó bá ti tó aláṣẹ náà létí, dandan ni kó gbé ìgbésẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti mú ìdènà náà kúrò. Bí kò bá ṣe é, ó ti ṣẹ̀ sófin. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ni, tí kọ́ọ̀tù sì dá a lẹ́bi, N10,000 ni yóò san fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó fi fà á, ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ ni yóò sì san án fún. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn fo ojú yín: owó yìí kò wọ àpò ìjọba. Ó sì ń gun orí ara rẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ọgbọ̀n ọjọ́ bá fi kọjá, ó ti di N300,000. Tó bá pé ọdún kan, ó ti di N3,650,000. Ó ṣòro kí ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkọnkéré kan níwájú ọ́fíìsì tó gba irú owó bẹ́ẹ̀. Abala yìí kan náà sọ pé fífi tó wọn létí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti gba kọ́ọ̀tù lọ bó bá wù ú.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kíkà náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n kọ́ àtẹ̀gùn náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tí ẹ padà sílé pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọjọ́ tí aláṣẹ gbọ́ ọ ni. Òfin kò ní lẹ́tà ni dandan. Ẹni tó bá dúró níta tó ní kí wọ́n lọ pe máníjà wá, tó sì ṣàlàyé fún un, ti fi tó o létí. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dé iwájú adájọ́, ta ni yóò jẹ́rìí? Gáàdì tó gbọ́ ọ lè ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, máníjà lè ti lọ sí ẹ̀ka mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ yóò sì fi tọkàntọkàn sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní ti abala 8, ẹni tó sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀rí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó dákẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ lẹ́tà. Àǹfààní kejì tún wà níbẹ̀: ọ̀rọ̀ ẹnu máa ń di ẹ̀bẹ̀ láìpẹ́ láìjìnnà, pàápàá lọ́dọ̀ àwa Yorùbá tí ohùn wa máa ń rọ̀ bí a bá dé iwájú ọ̀gá. A ó kí i, a ó tọrọ gáfárà, a ó ní kó dákun. Bébà kì í tọrọ gáfárà. Ó lè bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń kà á, kó sì ṣì sọ ohun tó ní í sọ títí dé òpin.

Lẹ́tà náà kò ní láti gùn, kò sì pọn dandan kí lọ́yà kọ ọ́. Ẹ darí rẹ̀ sí ẹni tó wà nípò àṣẹ níbẹ̀, ẹ má darí rẹ̀ sí orúkọ iléeṣẹ́ lásán: alága ìjọba ìbílẹ̀, máníjà ẹ̀ka báńkì, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn. Ẹ sọ ọjọ́ àti aago tí ẹ dé ibẹ̀, ohun tí ẹ wá ṣe, irú ìpèníjà tí ẹ ní, ohun náà gan-an tó dí yín lọ́nà, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Ẹ dárúkọ òfin náà àti abala rẹ̀. Bí èdè òyìnbó bá ṣòro fún yín, ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹnì kan bá yín tú u, kí ẹ sì fi méjèèjì ránṣẹ́ pọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú sẹkitéríàtì kan tí àtẹ̀gùn mẹ́ta wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Àárín lẹ́tà lè lọ báyìí:

“Mo wá sí ọ́fíìsì yín ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, láti gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ fún ọmọ mi. Àga onítáyà ni mo ń lò. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, gíga gbogbo wọn pọ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45, kò sì sí ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ kan jáde wá bá mi níta, ó ní kí n padà wá pẹ̀lú ẹni tí yóò gbé mi. Mo fi lẹ́tà yìí tó yín létí lábẹ́ abala 8 òfin tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn tó ní ìpèníjà ara léèwọ̀ pé ọ̀nà dí mọ́ mi ní ọ́fíìsì yín. Mo ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí mo lè fúnra mi gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ̀wé sí mi láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá láti sọ ohun tí ẹ ti ṣe. Fọ́tò ẹnu ọ̀nà náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.”

Ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn kò sí nínú òfin. Èmi ni mo dábàá rẹ̀, kí ẹ lè ní ọjọ́ kan tí ẹ ó máa wò. “Lójú ẹsẹ̀” ni òfin sọ, ẹ má sì jẹ́ kí gbèdéke tí ẹ fúnra yín fún wọn dà bí ẹni pé ẹ yọ̀ǹda ọjọ́ tó ti kọjá fún wọn.

Ó nídìí tí mo fi wọn gíga àtẹ̀gùn sínú lẹ́tà. Àìsàn tó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ni pé alábòójútó yóò gbọ́ pé wọ́n ń fẹ́ ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, yóò pe bíríkìlà, ìyẹn yóò da kọnkéré lé àtẹ̀gùn lórí, yóò sì ga bí orí òkè. Ẹni tó bá gbìyànjú láti fi àga onítáyà gùn ún lè ṣubú sẹ́yìn. Bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, àga lè sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ̀n tí àwọn ayàwòrán ilé mọ̀ ni 1 sí 12: fún gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan tí ẹ bá fẹ́ gòkè, ẹ nílò sẹ̀ǹtímítà méjìlá nílẹ̀. Àtẹ̀gùn mẹ́ta tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 45 yóò gba ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn tó mítà 5.4. Bí ààyè kò bá gba gígùn yẹn tààrà, wọ́n lè ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀kan, kí ibi pẹrẹsẹ kan sì wà níbi tó ti ṣẹ́ po kí èèyàn lè sinmi. Ó yẹ kí ibi pẹrẹsẹ wà lókè pátápátá náà, níwájú ilẹ̀kùn, torí èèyàn kò lè máa fi ọwọ́ kan ṣí ilẹ̀kùn kó tún máa fi èkejì di táyà mú kó má bàa yí padà. Ti ilẹ̀kùn, ẹ wọn àlàfo rẹ̀ nígbà tó bá ṣí tán. Ibi tí kò bá tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 80, àga onítáyà yóò máa ha níbẹ̀. Ilẹ̀kùn onígíláàsì tí àwọn báńkì ń lò, èyí tí ń gba ẹnì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan tó sì ń ké bó bá ti rí irin, kò gba àga onítáyà rárá, ó sì ń dá ẹni tó ń fi ọ̀pá onírin rìn padà. Bí báńkì bá ní tìtorí ààbò ni, ìdáhùn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí òṣìṣẹ́ yóò ti yẹ èèyàn wò kó tó ṣí i. Ẹni tó bá kọ ìwọ̀n sínú lẹ́tà rẹ̀ ti sọ fún wọn, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, pé ayédèrú kò ní tẹ́ òun lọ́rùn.

Ẹ tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì. Kí wọ́n gba ọ̀kan, kí wọ́n sì buwọ́ lu èkejì fún yín, pẹ̀lú ọjọ́, orúkọ ẹni tó gbà á, àti òǹtẹ̀ iléeṣẹ́. Èyí tí wọ́n buwọ́ lù yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Bí wọ́n bá kọ̀ láti buwọ́ lù ú, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí ẹ kò lè wọ̀ náà ni ọ̀nà sí tábìlì tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ iléeṣẹ́ tó ń gbé ẹrù kó lọ fi jíṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tí wọ́n bá fún yín. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí íméèlì wọn pẹ̀lú. Ẹ ya fọ́tò ẹnu ọ̀nà náà lójú ọ̀sán, láti ọ̀ọ́kán, kí orúkọ ilé náà hàn bó bá ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá padà lọ tí ẹ sì bá nǹkan bó ṣe wà.

Bí ọjọ́ tí ẹ fún wọn bá kọjá láìsí ìdáhùn, ẹ̀yin kọ́ ni yóò kàn máa pariwo. Àjọ kan wà tí òfin yìí gbé kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara ní gbogbo orílẹ̀-èdè, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2020. Àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Nàìjíríà náà ń gba ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀. Ní Èkó, LASODA ni ọ́fíìsì tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ lẹ́tà kejì sí èyí tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ so ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí wọ́n buwọ́ lù mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ náà kí wọ́n lè rí i pé ọ̀rọ̀ ti jáde nílé. Bó bá di ti kọ́ọ̀tù, Àjọ Ìrànwọ́ Òfin lè fún ẹni tí kò lówó ní agbẹjọ́rò. Ìlànà ọdún 2009 tí wọ́n fi ń gba ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní ilé ẹjọ́ gba ẹgbẹ́ láyè láti pẹjọ́ lórúkọ ẹlòmíràn, ó sì ka ẹ̀tọ́ tó wà nínú Ìwé Àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà mọ́ èyí tó lè dáàbò bò. Ìwé àdéhùn yẹn, tí Nàìjíríà ti sọ di òfin tirẹ̀, sọ ní abala 18 pé àwọn arúgbó àti àwọn tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ sí ètò ààbò tó bá ipò wọn mu. Nítorí náà, ẹgbẹ́ àkàndá ẹ̀dá ní ìlú yín lè gbé ẹjọ́ tó wúwo jù fún ẹnì kan.

Àtẹ̀gùn ni mo ti ń sọ láti ìṣáájú, torí òun ni ojú tètè ń rí. Ẹni tí kò gbọ́ràn lè wọ ilé ìwòsàn láìsí ìdènà, kó dé ọ̀dọ̀ dókítà kí ẹnikẹ́ni má lè fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ríran lè dé ibùdókọ̀ kó má mọ èyí tó ń lọ Ọ̀ṣòdì. Òfin kan náà rántí wọn: ó fẹ́ kí ọkọ̀ èrò máa kéde ibi tó ń lọ fún etí àti fún ojú, ó ní kí awakọ̀ dúró jẹ́ẹ́ kí ẹni tó ní ìpèníjà ara wọkọ̀ tán, ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wọn lóhùn níbi tí èrò bá ti tò. Ní ti ìdìbò, abala 54 òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 ní kí INEC, àjọ elétò ìdìbò, pèsè ohun bíi ìwé Braille àti ògbufọ̀ èdè ọwọ́. Lẹ́tà tí mo ṣàlàyé lókè ṣiṣẹ́ fún àwọn ìdènà wọ̀nyí náà. Ẹ ṣáà sọ ohun tó dí yín lọ́nà gan-an.

Àwọn kan yóò sọ pé owó dà. Ìbéèrè tó tọ́ ni, nítorí kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn tàbí ilé oúnjẹ ló rówó ṣe ẹ̀rọ agbéniròkè. Àmọ́ òfin fúnra rẹ̀ sọ “níbi tó bá ti pọn dandan” fún ẹ̀rọ yẹn, ohun tí ọ̀pọ̀ ibi sì nílò kéré sí i púpọ̀: yíyí ọ́fíìsì tí èèyàn ń lò jù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, mímú kí ilẹ̀kùn fẹ̀ sí i, bíbo gọ́tà tó wà níwájú ilé pẹ̀lú ohun tó lè gba táyà. Owó máa ń pọ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ́ ọ tán kí wọ́n tó máa fọ́ ọ. Ẹni tó ń fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ lónìí tí kò fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí i ti yan ìnáwó méjì fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn kì í rí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Báwo ni wọn yóò ṣe rí wọn? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú èèyàn mẹ́fà láyé, ẹnì kan ní ìpèníjà ara tó lágbára. Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tí irú wọn kò sí nínú ìjọ rẹ̀ ní láti wo ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A ó tún rí i pé ẹni tó bí ọmọ tuntun, bàbá àgbà tí orúnkún ń dùn, àti ẹni tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta yóò gba ọ̀nà kan náà.

Èyí tí wọ́n máa ń fi ojú àánú sọ ni pé, “Ẹ má ṣèyọnu, àwọn ọmọkùnrin wà níbí, wọn yóò gbé yín wọlé.” Mo mọ̀ pé inú rere ni ọ̀pọ̀ fi ń sọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ rò ó wò: ìyá àgbà tí ọkùnrin mẹ́rin gbé lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀ lójú ọjà, tí aṣọ rẹ̀ ń yẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò, tí ẹ̀rù sì ń bà á pé ọ̀kan nínú wọn lè yọ̀. Bí àwọn ọmọkùnrin náà bá ti lọ jẹun, kò rí ọ̀nà jáde. Lọ́gbọọgba pẹ̀lú àwọn yòókù ni òfin wí, kò sì sí ẹlòmíràn tí wọ́n ń gbé wọ báńkì.

Àtakò tó wúwo jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn lọ́yà. Wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ ni èyí, pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú àti ilé kíkọ́ jẹ́ ti ìpínlẹ̀, bí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ṣe sọ ní ọdún 2003 nínú ẹjọ́ tó wà láàárín Èkó àti ìjọba àpapọ̀. Òótọ́ ni ìdájọ́ yẹn, kò sì ní ṣe wá láǹfààní ká díbọ́n pé kò sí. Ìpínlẹ̀ lè bá abala 7 jiyàn. Àmọ́ kò sí irú iyàn bẹ́ẹ̀ fún pápákọ̀ òfurufú, báńkì, ilé ìfìwéránṣẹ́, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ àti ilé ìwòsàn rẹ̀, torí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni àkóso wọn wà. Fún àwọn yòókù, ẹ wá òfin ìpínlẹ̀ yín. Ọdún 2011 ni Gómìnà Babatunde Fashola ti buwọ́ lu ti Èkó, kí ti Àbújá tó dé rárá. Èkìtì àti Oǹdó náà ní tiwọn. Ẹ dárúkọ òfin méjèèjì pọ̀ nínú lẹ́tà yín, kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ ọ̀kan sílẹ̀ lè bá èkejì níbẹ̀. Níbi tí ìpínlẹ̀ kò bá tíì ṣe tirẹ̀, aṣòfin yín ni kí ẹ tún kọ lẹ́tà sí.

Ó ku àwọn tó ń sọ pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, pé ẹni tó bá ń kọ̀wé ẹ̀sùn yóò di ọ̀tá ìlú. Lẹ́tà abala 8 kì í ṣe ìwé ẹjọ́. Ààyè ló fún alábòójútó láti tún nǹkan ṣe kí ọ̀rọ̀ tó dé kọ́ọ̀tù rárá, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀ pé òfin náà wà títí tí wọn yóò fi kà á nínú lẹ́tà ẹlòmíràn. Agbára ọ̀rọ̀ tí èèyàn kọ sílẹ̀ hàn ní oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí ilé oúnjẹ kan ní pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà kò gba oníbàárà kan tó wà lórí àga onítáyà láyè. Ọkùnrin náà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò pẹ́ tí FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀ náà, fi ti ilé oúnjẹ ọ̀hún pa, tí wọ́n ní wọn kò ní ṣí i àfi bí wọ́n bá kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, tí wọ́n sì lẹ ìkéde mọ́ ẹnu ọ̀nà pé àwọn kì í dẹ́yẹ sí ẹnikẹ́ni. Ìlú mọ̀ọ́ká ni pápákọ̀ náà, òótọ́ ni; ìjọba ìbílẹ̀ yín kò ní irú òkìkí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà tí wọ́n buwọ́ lù fi ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò lókìkí ju fún olókìkí lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ibì kan wà ní àdúgbò yín tí ẹ ti pa tì nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀, tí ẹ máa ń rán ọmọ lọ dípò ara yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí.